Ẹni Tí Yóò Ṣe Iṣẹ́ Náà Ni Ká Kọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọmọ Ìjọ àti Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Nínú Ìjọ Lutheran ní Mainland Èkó

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bóyá ó yẹ kí ìjọ Lutheran máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ àti ìdarí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ta ló ń lọ bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà? Ta ni wọ́n ń pè láago mọ́kànlá òru nígbà tí tọkọtaya bá ń jà ní Itire? Ta ló ń ka owó ọrẹ? Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi? Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá ká pásítọ̀ mọ́ Ikorodu Road, ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn? Ọmọ ìjọ ni. Iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tó kù tí a máa bi ara wa ni bóyá a kọ́ wọn kí a tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, àbí ńṣe la gbé e lé wọn lọ́wọ́, tí a sì ń retí kí wọ́n fi orí ara wọn mọ̀ ọ́n.

Èrò tèmi ni pé kí a máa kọ́ ọmọ ìjọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́: lábẹ́ ẹnìkan, lórí iṣẹ́ tó ní orúkọ, títí di ọjọ́ tí a óò yọ̀ǹda rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ fi ohun tí Luther fúnra rẹ̀ ṣe, ìtàn ilẹ̀ wa, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Mainland yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀tọ́ nìkan kò tó

Ní 1520, Martin Luther kọ̀wé sí àwọn ìjòyè ilẹ̀ Jámánì. Ó tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé ìrìbọmi ti sọ gbogbo Kristẹni di àlùfáà níwájú Ọlọ́run, pé iṣẹ́ tí a fún kálukú ni bíṣọ́ọ̀bù fi yàtọ̀ sí alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ Ọlọ́run ju ẹnì kejì lọ nítorí oyè. Àwa ọmọ Lutheran fẹ́ràn láti máa fi ẹ̀kọ́ yìí yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1528, Luther wà lára àwọn tó ń bẹ àwọn ìjọ ilẹ̀ Saxony wò. Ó bá àwọn ará abúlé tí kò mọ Òfin Mẹ́wàá, tí kò mọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, tí kò lè gba Àdúrà Olúwa dé ìparí. Àwọn pásítọ̀ mìíràn kò sàn jù wọ́n lọ. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá tó ti sọ fún wọn pé àlùfáà ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn ní iṣẹ́ àlùfáà náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun. Ní 1529 ó kọ Katikísímù Kékeré. Ìwé náà gbé ẹ̀kọ́ wá sí inú ilé: orí kọ̀ọ̀kan ń fi han baálé ilé bí yóò ṣe kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́nà tó rọrùn. Àwọn olùkọ́ tó fọkàn sí kò wọ aṣọ àlùfáà. Baba àti ìyá ni wọ́n, ìdí tábìlì oúnjẹ ni kíláàsì wọn sì wà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kíkọ́ ọmọ ìjọ jẹ́ àṣà tuntun tí a yá lọ́wọ́ àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹ rán an létí 1529.

Àwọn kan yóò wá fi Ìjẹ́wọ́ Augsburg ti 1530 dá wa lóhùn. Ẹ̀ka 14 rẹ̀ kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ni ní gbangba nínú ìjọ tàbí kó máa pín sákírámẹ́ńtì láìjẹ́ pé a pè é bó ti tọ́. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ẹ̀ka yìí ń gba ìjọ lọ́wọ́ ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ tó sì fi ara rẹ̀ joyè. Àmọ́ kò sí ibi tó ti ní kí ẹni tí a pè máa dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ó tilẹ̀ ń fún wa ní ìlànà tí a lè tẹ̀ lé fún ọmọ ìjọ pàápàá: kí ìjọ yan ẹni náà, kí a dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ìjọ mọ ibi tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ìrìbọmi, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àti ìwàásù ìsìn gbangba wà lábẹ́ pásítọ̀. Bíbẹ ilé wò, kíkọ́ ọmọdé, kíkó ẹgbẹ́ àdúgbò jọ, ṣíṣe ìtọ́jú owó, títu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, ọwọ́ ọmọ ìjọ ló wà.

Ìtàn tó sún mọ́ wa

Ní 1853, David Hinderer, ọmọ Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì níbi tí ẹ̀kọ́ Luther ti gbilẹ̀, àti Anna ìyàwó rẹ̀, fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Ìjọ Áńgílíkà ló rán wọn. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Daniel Olúbi wà lọ́dọ̀ wọn. Kò lọ sí sẹ́mínárì ní òkè òkun. Inú ilé yẹn ló ti kọ́ iṣẹ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, bí wọ́n ṣe ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀. Ó bá wọn la ìyà ogun Ìjàyè já, nígbà tí ọ̀nà dí tí ebi sì ń pa ará ilé míṣọ̀n. Nígbà tí tọkọtaya Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Olúbi ni ìjọ bọ́ sí lọ́wọ́, wọn kò sì tíì fi í joyè àlùfáà nígbà náà. Ìjọ náà kò tú. Òyìnbó náà kò dúró di ọjọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kó tó máa wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni náà ti wà nínú ilé tipẹ́.

Ìtàn àwa Lutheran gan-an ní Nàìjíríà kò yàtọ̀. Níhà Àríwá, ọdún 1913 ni Niels Brønnum, dókítà ará Denmark, dé Numan. Láti ibẹ̀ ni ìjọ tí a mọ̀ sí LCCN (Lutheran Church of Christ in Nigeria) ti hù.  Níhà Gúúsù, ní Ibesikpo lẹ́bàá Uyo, àwọn ìjọ kan ya kúrò lára míṣọ̀n tó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Kí míṣọ́nnárì Lutheran kankan tó dé, àwọn ọmọ ìjọ ń pàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì rán ọmọ wọn, Jonathan Udo Ekong, lọ sí Amẹ́ríkà kó lọ kàwé, kó sì wá ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin 1936 ni míṣọ́nnárì náà, Henry Nau, tó dé. Ẹ rò ó wò: àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló pe míṣọ̀n, wọn kò jókòó títí míṣọ̀n fi wá pè wọ́n. Orúkọ Ekong ni sẹ́mínárì tó wà ní Obot Idim ń jẹ́ títí dòní.

Ní ibòmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láàárín àwọn Ewe, àwọn míṣọ́nnárì ará Bremen ní Jámánì ló ń darí ìjọ kan tí ẹ̀kọ́ Luther àti ti Reformed jọ pàdé nínú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba lé àwọn ará Jámánì náà lọ. Pásítọ̀ Ewe kò tó nǹkan nígbà náà. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé àti àwọn alàgbà ló gbá ìjọ mú. Ní 1922 wọ́n pàdé ní Kpalimé ní Togo, wọ́n sì kéde pé ìjọ tó ń darí ara rẹ̀ ni àwọn. Bí wọn kò bá ti kọ́ àwọn olùkọ́ yẹn ṣáájú, kí ni ìbá ṣẹ́ kù láti kéde?

Ìtàn kan wà tó yẹ kó máa kọ wá lóminú. Ní 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn káàkiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Sadare ni olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà. Ìtara wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀kọ́ wọn lórí ìrìbọmi ọmọdé àti lórí lílo oògùn ń jìnnà sí ti ìjọ, àwọn aṣáájú ìjọ sì ń jìnnà sí wọn. Ní 1922 wọ́n pínyà. Mi ò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù; láti inú ẹgbẹ́ yẹn ni apá kan nínú ìtàn Aládùúrà ti ṣẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtara ọmọ ìjọ kò ní dúró de kíláàsì wa. Bí a kò bá jókòó tì í, yóò wá ibòmíràn jókòó sí.

Ohun tí Mainland ti fi hàn

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, William Kumuyi, bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nínú ilé tó ń gbé nínú ọgbà yunifásítì pẹ̀lú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìjọ Deeper Life ti ibẹ̀ yọ. Ní Èbúté-Mẹ́ta, Josiah Akíndayọ̀mí tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952 kò kàwé. Olùkọ́ ìṣirò mìíràn ní yunifásítì kan náà, Enoch Adéboyè, ló ń ṣe ògbifọ̀ rẹ̀. Ní 1981 Adéboyè bọ́ sí ipò olórí. Àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni lójú pátákó.

Mi ò ní ká di Deeper Life tàbí Redeemed. A ní ẹ̀kọ́ tiwa lórí oore-ọ̀fẹ́ àti sákírámẹ́ńtì, a kò sì ní í tà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ wọ̀nyẹn mọ ohun kan tí àwa ti gbàgbé: ní Redeemed, o kò lè di òṣìṣẹ́ ìjọ láìkọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń fi ẹnìkan ṣe alàgbà nítorí pé ó ti dàgbà, tàbí nítorí pé ó ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń parí ìjà, ó ti ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó, ó ti ń dá ọ̀dọ́ lẹ́kun, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀kankan. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìjọ náà ńkọ́?

Ẹ lọ wo àwọn ọ̀gá Mushin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́, kó dé Ladipọ̀ tàbí Ìdí-Òrò. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Yóò gbá ilẹ̀, yóò gbé sípánà wá, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Tó bá yá, ọ̀gá á ní kó tú táyà, òun á dúró tì í. Tó bá tún yá, á fi í sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan, á sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò kí oníbàárà tó dé. Bó bá ṣe àṣìṣe, á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lé e. Nígbà tí ọdún bá pé, òbí á wá, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á yọ̀ǹda rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, àdúgbò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti pé, wọ́n sì mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Wíwò, ṣíṣe lábẹ́ ojú, dídá ṣe kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìyọ̀ǹda ní gbangba: ohun mẹ́rin yìí ni ètò wa ṣaláìní. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń pe àpérò ọjọ́ kan, a óò jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a óò pín ìwé ẹ̀rí, kálukú á lọ sílé. Àpérò dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nípa jíjókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì.

Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹni tí yóò máa bẹ aláìsàn wò, kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé pásítọ̀ tàbí ìyá ìjọ tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ sí LUTH, kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa wo bí wọ́n ṣe ń kí, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, bí àdúrà wọn ṣe kúrú. Nígbà tó bá yá, kí òun gbàdúrà, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó dá lọ, kó sì wá jíṣẹ́. Nígbà tí ó bá ti tó àsìkò, kí pásítọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nínú ìsìn, kí ìjọ gbọ́ iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́, kí a gbàdúrà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa mú ẹ̀kọ́ Luther ti 1520 àti ẹ̀ka 14 Ìjẹ́wọ́ Augsburg bá ara wọn gbé.

Kí ni a óò kọ́ wọn?

Àkọ́kọ́ ni Bíbélì àti Katikísímù Kékeré, ní èdè tí àdúgbò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ní Mainland ló jẹ́ pé àwọn ará Akwa Ibom àti ará Adamawa ló gbé wọn kalẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń jọ́sìn kí gbogbo wa lè gbọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré ní Lawanson, òun náà ni aládùúgbò wa ní Mushin fi ń sunkún. Ọmọ ìjọ tó bá lè ṣàlàyé Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ní Yorùbá tó já gaara yóò ṣí ilẹ̀kùn tí pásítọ̀ tó ti Obot Idim tàbí Yola wá lè máà rí ṣí.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé. Alàgbà tó ń parí ìjà gbọ́dọ̀ mọ ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀ láti parí. Láti 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé àti òfin tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Ó tún ní àjọ tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a mọ̀ sí DSVA. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, tàbí tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ọmọdé, «ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i» nìkan kò tó, ìdọ̀bálẹ̀ kò sì gbọdọ̀ parí rẹ̀. Ẹni tí a kò kọ́ ní èyí lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ pẹ̀lú ọkàn rere.

Ìkẹta ni owó. Kí àwọn tó ń ka ọrẹ má dín ní èèyàn méjì. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Kí ẹni tó ń gba owó má jẹ́ ẹni tó ń ná an. Òfin CAMA ti 2020, tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, ti fi dandan lé e pé kí àwọn ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àwọn olùtọ́jú ohun ìní máa jíhìn fún ìjọba lọ́dọọdún. Akápò àti akọ̀wé tí kò mọ èyí lè kó ìjọ sí wàhálà láìjí kọ́bọ̀.

Ìkẹrin ni ìdarí ìsìn: kíka Ìwé Mímọ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ, gbígba àdúrà tó níbẹ̀rẹ̀ tó sì lópin, kíka ìwàásù tí pásítọ̀ ti kọ sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí nílé.

Àsìkò àti àwọn tí a óò yàn

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: àsìkò dà? Ní 1963, sẹ́mínárì Presbyterian kan ní Guatemala rí i pé àwọn tó ń darí ìjọ ní abúlé kò lè fi oko àti ìdílé sílẹ̀ wá sí ìlú. Wọ́n wá gbé ẹ̀kọ́ lọ bá wọn: kí wọ́n ka ìwé nílé, kí olùkọ́ máa lọ pàdé wọn déédéé nítòsí ibi tí wọ́n ń gbé. Ọ̀nà yẹn ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tiwa lè rọrùn ju ìyẹn lọ. Wákàtí kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí owó ọkọ̀ ti jáde lápò tẹ́lẹ̀, dára ju ìpàdé ọjọ́rú tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island yóò fi dé láago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́ ẹ̀kọ́ tí a ká sí WhatsApp. Ìyókù di ti títẹ̀lé ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí a bá ń yàn, ká má fi àpò yan èèyàn. Ká má sì fi obìnrin sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ìjókòó yìí, kí ẹ sọ fún mi ta ló pọ̀ jù. Ní Kúdẹtì, Anna Hinderer ló kó àwọn ọmọdé jọ tó ń kọ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa lónìí, obìnrin ló mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣàìsàn, òun ló mọ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé mọ́. Ẹni tó ti mọ̀nà dé ilé ni a kò kọ́ ní ohun tí yóò sọ bó bá débẹ̀.

Ewu méjì ló kù tí mo fẹ́ dárúkọ. Ọ̀kan ni ọmọ ìjọ tí yóò kọ́ díẹ̀, tí yóò wá sọ ara rẹ̀ di pásítọ̀ kejì. Ìyọ̀ǹda tó dárúkọ iṣẹ́ àti ọdún tí iṣẹ́ náà yóò gbà ló ń wo èyí sàn. Èkejì ni pásítọ̀ tó ń bẹ̀rù pé bí àwọn ọmọ ìjọ bá gbọ́n, wọn ò ní bọ̀wọ̀ fún òun mọ́. Kí irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá Ladipọ̀ bóyá àwọn ọmọ iṣẹ́ tó yọ̀ǹda ló ń dín iyì rẹ̀ kù, tàbí àwọn gan-an ló ń polówó rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi síwájú yín. Kí gbogbo ẹni tó bá di ipò mú nínú ìjọ, láti akápò títí dé olórí akọrin, ní ẹnìkan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kó sì lè dárúkọ ẹni náà. Kí a má ṣe yan alàgbà tuntun kankan tí kò tíì la kíláàsì àti iṣẹ́ abẹ́ ojú kọjá, bó ti wù kó lówó tó. Kí ìpàdé ọdọọdún ìjọ sì máa bi pásítọ̀ ní ìbéèrè kan sí i: yàtọ̀ sí iye èèyàn tó rì bọmi, yàtọ̀ sí iye owó tó wọlé, àwọn wo lo kọ́ lọ́dún yìí, kí ni wọ́n wá lè ṣe báyìí tí wọn kò lè ṣe lọ́dún tó kọjá? Pásítọ̀ tó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìjọ mìíràn lọ́la, ìjọ rẹ̀ kò ní í di ọmọ òrukàn.